Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Asọ̀rọ̀gbèsì: Òye Àtọwọ́dá àti Àǹfààní Ọmọ Ènìyàn ní Mowe, Ibafo àti Ifọ

1. Ìfáárà

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kò wo wáyà tàbí irin inú rẹ̀. Ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀rọ náà àti ẹni tí ó jókòó tì í ni wọ́n wò. Wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu gan-an, pàápàá àpótí Rediffusion tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rẹ̀ wọ inú ilé ní Èkó ní ọdún 1935. Onílé lè dín ohùn rẹ̀ kù, ó sì lè pa á. Kò lè dá a lóhùn.

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà sọ kọ̀ǹpútà lórúkọ. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni wọ́n pè é, nítorí pé ìyára rẹ̀ ni ó yà wọ́n lẹ́nu. Tẹlifóònù ní tirẹ̀ di ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, nítorí pé ènìyàn méjì ni ó wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan ní ìhín, ọ̀kan ní ọ̀hún. Orúkọ mẹ́ta yìí fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ni Yorùbá ti ń bi ẹ̀rọ tipẹ́: Ṣé ó ń gba èsì? Báwo ni ó ṣe yára tó? Ta ni ó wà ní ìdí rẹ̀?

Lónìí, ẹ̀rọ mìíràn ti dé tí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn. Ó ń sọ̀rọ̀, ó yára ju àṣá lọ, ó sì ń bá ènìyàn tàkurọ̀sọ bí ẹni pé ènìyàn ni òun náà. Èyí tí ó tún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ó ń dájọ́: ó ń sọ ẹni tí a lè yá lówó àti ẹni tí a kò lè yá, ẹni tí ojú rẹ̀ bá àwòrán mu àti ẹni tí kò bá a mu. Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́, yóò wo bí ó ṣe kan ìgbésí ayé àwọn ará Mowe, Ibafo àti Ifọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, yóò sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní èdè Yorùbá. Kókó rẹ̀ ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta wọ̀nyí ni ìpìlẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún àǹfààní ènìyàn ni ẹ̀rọ tí ó ń gba èsì.

2. Ìlú mẹ́ta lẹ́bàá ọ̀nà

Mowe àti Ibafo wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ní abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ifọ, tí ó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, wà lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí ìrìnnà láti Èkó àti sí Èkó ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó sọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di bí wọ́n ṣe wà lónìí. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, gba Ifọ kọjá. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 la ilẹ̀ tí Mowe àti Ibafo wà kọjá, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i bí owó ilé ti ń wọ́n ní Èkó.

Ohun kan wà láti rí kọ́ nínú ìtàn yìí. Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin, wọn kò bi àgbẹ̀ Ifọ léèrè ibi tí ó fẹ́ kí ó gbà. Ohun tí ìjọba amúnisìn fẹ́ kó dé èbúté ni ó darí rẹ̀. Ojú irin ṣe àǹfààní fún Ifọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní náà dà bí ohun tí ó já sílẹ̀ lára ẹrù ẹlẹ́rù. Bí ẹ̀rọ ṣe máa ń rí nìyí bí ẹni tí yóò lò ó kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń gbèrò rẹ̀.

Lónìí, ẹgbàágbèje ènìyàn ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní ìlú wọ̀nyí láti lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Àwọn mìíràn ń tajà ní etí ọ̀nà, wọ́n ń gun ọ̀kadà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ṣe irun. Ẹ̀gbá, Àwórì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ègùn, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Fóònù ọwọ́ wọn àti ìsọ̀ POS ni báńkì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kì í ṣe inú ìwé ni òye àtọwọ́dá ti kọ́kọ́ kàn wọ́n. Inú fóònù ni, níbi ọ̀rọ̀ owó.

3. Kí ni òye àtọwọ́dá?

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń ṣe ohun tí wọ́n kọ fún un ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ṣírò owó oṣù, wọn yóò kọ ìlànà ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ tuntun yìí yàtọ̀. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ ni ó ṣe ń kọ́ tirẹ̀. Télọ̀ kì í ka òfin fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ náà ń wo bí ọ̀gá ṣe ń gé aṣọ, ó ń wo ọgọ́rùn-ún bùbá, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ bí a ṣe ń gé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe ń kó àpẹẹrẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tàbí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ fún ẹ̀rọ: àwòrán ojú ènìyàn, gbólóhùn, tàbí àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n yáwó, àwọn tí wọ́n san án àti àwọn tí wọn kò san án. Ẹ̀rọ yóò wá ohun tí ó jọra nínú wọn, yóò sì fi ohun tí ó rí dájọ́ lórí ẹni tí kò rí rí.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin ẹ̀rọ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ba aṣọ jẹ́, oníbàárà mọ ìsọ̀ tí yóò lọ, ọ̀gá ni yóò sì bẹ̀bẹ̀, tí yóò san aṣọ. Ta ni ọ̀gá ẹ̀rọ? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì.

Orúkọ méjì ni ó wà lẹ́nu àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá báyìí: ọgbọ́n àtọwọ́dá àti òye àtọwọ́dá. Èkejì ni iṣẹ́ yìí yàn. Ní èrò Yorùbá, ọgbọ́n kò ṣeé yà kúrò lára ìwà. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó sọ ọ́. Kò sí ẹ̀rọ kan tí a lè sọ èyí nípa rẹ̀. Òye kò ru ẹrù ìwà tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè ní òye iṣẹ́ kí ó má ní ìwà.

Ṣùgbọ́n apá kejì orúkọ náà ni ó níye lórí jù. Àtọwọ́dá ni ohun tí a fi ọwọ́ dá. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a gbàgbé pé ọwọ́ kan ni ó wà ní ìdí ohun náà, pé ọwọ́ náà ní onílé, àti pé onílé náà ní ohun tí ó ń wá. Bí akọ̀wé kan bá sọ fún oníbàárà pé "ẹ̀rọ ni ó kọ̀ yín, kì í ṣe èmi," ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá ti dá a lóhùn: ta ni ó ni ọwọ́ tí ó dá a?

4. Ẹjọ́ ẹnìkan: owó yíyá lórí fóònù

Gbogbo àgbà Yorùbá ni ó mọ òwe tí ó ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀ràn owó yíyá lórí fóònù fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe lè di irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yáwó. Àjọ àti èésú wà. Sọ́gúndogójì, tí ń gba èlé tí ó pọ̀, wà pẹ̀lú. Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri, a máa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí tí yóò fi san owó. Ìtìjú ni ohun èlò òṣómàáló, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Onígbèsè lè sọ fún un pé ọmọ òun ń ṣàìsàn, òṣómàáló sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ náà. Èsì ń lọ, èsì ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo obìnrin kan tí ń ta oúnjẹ ní etí ọ̀nà ní Ibafo, tí ó fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà láti fi ra ìrẹsì. Kí ó tó lè yáwó lórí fóònù, ètò inú fóònù náà yóò bèèrè ìyọ̀ǹda láti wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, ibi tí fóònù wà, àti, nígbà kan, orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó mọ̀. Ẹ̀rọ yóò ṣírò ìwọ̀nyí, yóò sì dájọ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò rí ìkòkò obìnrin náà, kò rí èrò tí ó tò síwájú rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀. Kò mọ̀ pé àwọn alájọ rẹ̀ fọkàn tán an láti ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́, kò ní sọ ìdí. Bí ó bá sì yá a lówó tí kò rí i san lọ́jọ́ tí wọ́n dá, àwọn ayánilówó kan a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù rẹ̀, àti sí oníbàárà rẹ̀.

Àṣejù yìí pọ̀ dé ibi tí ìjọba fi dá sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí pé ó tú àṣírí àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà lọ yẹ ọ́fíìsì àwọn kan wò ní Ìkẹjà. Ní ọdún 2022 kan náà, ó gbé ìlànà jáde pé gbogbo ayánilówó orí fóònù gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google pẹ̀lú ti fòfin dè é pé kí ètò ayánilówó tí ó wà lórí ìsọ̀ rẹ̀ má ṣe wo orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ tàbí àwòrán inú fóònù ẹni tí ó ń yáwó.

Èyí tí ó kan iṣẹ́ yìí jù ni Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Abala 37 òfin náà sọ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe dá ẹjọ́ tí yóò kan ẹ̀tọ́ tàbí ipò rẹ̀ gidigidi. Òfin náà fàyè sílẹ̀ níbi tí àdéhùn, òfin mìíràn tàbí ìyọ̀ǹda ẹni náà bá ti gbà á láàyè. Síbẹ̀, ó là á sílẹ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọdọ̀ lè bèèrè pé kí ènìyàn dá sí i, kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kí ó sì tako ìdájọ́ náà. Ohun tí òwe ti sọ tipẹ́ ni òfin tún sọ: ẹ gbọ́ ti ẹnì kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí obìnrin Ibafo yìí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bèèrè rẹ̀ jìnnà sí i. Bí òfin náà bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda náà sì gùn bí ọ̀nà Èkó, bíi pé kò sí ni ó rí. Ibi tí iṣẹ́ èdè-ìperí ti di iṣẹ́ ìdájọ́ òdodo nìyí.

5. Ojú àti ohùn

Kì í ṣe ibi owó nìkan ni àìgbèsì ti ń pa ènìyàn lára. Bí àpẹẹrẹ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n kó fún ẹ̀rọ kò bá ní irú ẹni tí ó wà ní Mowe tàbí Ifọ nínú, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ wo ti ojú. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gánà, tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà, àti Timnit Gebru ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta tí ń wo àwòrán ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lórí ọkùnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, àṣìṣe ẹ̀rọ tí ó burú jù kò kọjá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó tó 34.7. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò jókòó láti kórìíra ẹnikẹ́ni. Àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ irú èyí fi ń kọ́ṣẹ́ ni kò ní aláwọ̀ dúdú nínú tó. Ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ fún ènìyàn pé kí ó kọjú sí fóònù kí ó tó lè ṣí àkáǹtì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará òkè òkun nìkan.

Ẹ wo ti ohùn. Google bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Yorùbá ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì ohùn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní àmì ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fi èyí kọ́ṣẹ́, lẹ́tà mẹ́ta náà, i-gb-a, yóò dàrú mọ́ ọn lójú: igba tí a fi ń ka owó, igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbá tí a ń jẹ, àti ìgbà tí ó jẹ́ àkókò. Ẹni tí ó bá ní kí fóònù ka ìlànà oògùn sí òun létí nílò ìgbà méjì lóòjọ́. Bí ẹ̀rọ bá pè é ní igba, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ àríyànjiyàn gírámà mọ́.

Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí. Túndé Adégbọlá àti àjọ African Languages Technology Initiative tí ó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbọ́ ohùn Yorùbá kí ariwo òye àtọwọ́dá tó gbòde. Ẹgbẹ́ Masakhane, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, kó àwọn onímọ̀ jọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kí àwọn tí ó ni èdè lè wà nídìí iṣẹ́ èdè wọn. Ní ọdún 2021, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde, àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó lé ní 20,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Mínísítà Bọ́sún Tìjání kéde ètò ìjọba láti kọ́ ẹ̀rọ ní èdè Nàìjíríà. Ohun tí gbogbo ìwọ̀nyí jọ fi hàn ni pé nígbà tí onílé bá wà nídìí iṣẹ́, ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè yàtọ̀. Ẹni tí ń sọ Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ bèèrè pé: àmì ohùn ńkọ́?

6. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1990, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí ó dára kò gbọdọ̀ ṣòro fún ẹni tí ń sọ èdè náà. Ìlànà yìí ni a tẹ̀lé nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Àpẹẹrẹ ìkọ́ṣẹ́: gbogbo ohun tí wọ́n kó fún ẹ̀rọ láti fi kọ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń rán ènìyàn létí pé ohun tí ẹ̀rọ rí ni ó mọ̀.

Ìtẹ̀sápákan: àṣìṣe ẹ̀rọ tí ó máa ń pọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. A kò lo ojúsàájú, nítorí pé ẹni tí ń ṣe ojúsàájú mọ ẹni tí ó ń ṣe é fún. Òṣùwọ̀n lè tẹ̀ sápá kan láìkórìíra ẹnikẹ́ni; síbẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ sí lára yóò pàdánù.

Àlàyé-ìdí: ọ̀rọ̀ tí a lè sọ fún ẹni tí ẹ̀rọ dá lẹ́jọ́, ní èdè tí ó gbọ́, nípa ohun tí ó mú kí ìdájọ́ náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìyọ̀ǹda: àṣẹ tí ènìyàn fúnni lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti yé e. Títẹ ojú fóònù nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn kò yẹ ní ohun tí à ń pè ní ìyọ̀ǹda.

Ìjíhìn: ojúṣe ẹni tí ó dá ẹ̀rọ tàbí tí ó ń lò ó láti wá wí tẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣìṣe. Ní Yorùbá, ènìyàn ni ó ń jíhìn. Gbólóhùn tí ó bá ní "ẹ̀rọ ni yóò jíhìn" kò bọ́ sí i létí ẹni tí ó gbọ́ èdè, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Asọ̀rọ̀gbèsì: ẹ̀rọ tí ẹni tí ó kàn lè dá lóhùn, tí ìdáhùn náà sì lè yí ìdájọ́ padà. Ohun tí ó yà á sí asọ̀rọ̀mágbèsì kò ju sílébù kan lọ, èyíinì ni má. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kí ẹ̀rọ máa fèsì kò tí ì sọ ọ́ di asọ̀rọ̀gbèsì. Ẹ̀rọ kan lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti òru di ọ̀sán, kí ọ̀rọ̀ ẹni náà má dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó lè tún nǹkan ṣe. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ó ti lẹ́nu tó, asọ̀rọ̀mágbèsì ni.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, orílẹ̀-èdè 193 tí ó wà nínú àjọ UNESCO fẹnu kò lórí àbá nípa ìwà tí ó yẹ kí a fi máa ṣe òye àtọwọ́dá: kí iyì ènìyàn ṣáájú, kí àṣírí wà ní ìpamọ́, kí ènìyàn máa bójú tó ẹ̀rọ. Àbá tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá ó ṣẹ ni ìsọ̀ POS ní Mowe, ìsọ̀ olóúnjẹ ní Ibafo, àti ìsọ̀ télọ̀ ní Ifọ. Ìbéèrè tí ó tọ́ níbẹ̀ kò le: Nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ pé rárá, ṣé ẹni tí ó sọ ọ́ fún lè bèèrè ìdí ní èdè rẹ̀? Ṣé ẹnì kan wà tí yóò gbọ́ ọ? Ṣé ẹni náà ní agbára láti sọ rárá di bẹ́ẹ̀ ni?

Àṣá yára, gbogbo ayé ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbébọ̀ tí àṣá ti gbé lọ́mọ rí mọ̀ pẹ̀lú pé ìyára nìkan kò ṣe àǹfààní fún òun. Àwọn tí wọ́n sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò lè yí i padà. Wọ́n kàn sọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀rọ ti òde òní ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń dá a, a sì lè fi òfin, ìmọ̀ àti èdè bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n yọ má kúrò nínú orúkọ rẹ̀.